Ọjọ́ Tí Khiem Fi Ilé Sílẹ̀

Èmi ni mo ti Thoa sínú ọ̀ràn yìí, nítorí náà èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n á ṣàánú mi, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò níbi tó ti yẹ kó wà. Siew Gek lorúkọ mi. Ọmọ Ṣáínà ni wá, ṣùgbọ́n Nakhon Phanom létí odò Mekong ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta ìṣó, okùn àti àwọ̀n ẹja nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀. Mi ò lọ́kọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kó bi ẹnu mi, òun ló lé wọn lọ. Thoa ni ìyàwó àbúrò mi Heng, ọmọ Fietnamu ni. Tẹ́ ẹ bá béèrè mi ládùúgbò wa, wọ́n á ní, "Ṣé ìyẹn tó máa ń pariwo?" Tẹ́ ẹ bá béèrè Thoa, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn nawọ́ síbi tí ooru omi gbígbóná ti ń rú.

Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó ràn dáadáa, Thoa ti gbé ìkòkò kaná níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Á fa aṣọ funfun bo ẹnu ìkòkò náà, á so ó le. Á bu ìrẹsì tó ti rẹ, tó ti lọ̀ kúnná, á tẹ́ ẹ yíká lórí aṣọ náà, á dé e. Kó o tó ka ogún, ó ti jinná, ó fẹ́lẹ́ débi pé wàá rí ìka ọwọ́ rẹ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Igi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń gbé e kúrò lórí iná, á bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gígé àti olú dúdú sínú rẹ̀, á ká a. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Mo ya mọ́kànlá léraléra, inú bí mi, mo ju igi náà nù. Thoa mú un nílẹ̀, ó nù ún, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú nípa rẹ̀.

Lamduan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ Táì ni Lamduan, kò sóhun tí kò lè fi ṣe ẹ̀rín. Àwa mẹ́ta yìí ti wà pa pọ̀ pẹ́, mo sì ti wo ìwà wa títí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, àwa Ṣáínà á figbe ta, a á wá ẹni tó jẹ̀bi, a á tún un ṣe kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn Táì á ní kò tó nǹkan, wọ́n á fún ọ lómi tútù mu, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á lọ bu ìrẹsì sínú abọ́ àwọn mọ́ńkì, ó parí nìyẹn. Àwọn Fietnamu ò ní figbe ta, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbé e mì. Lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n á sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, wọ́n á sọ aṣọ tó o wọ̀.

"Ẹ̀yin Ṣáínà ńkọ́?" Lamduan máa ń dá mi lóhùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọ ọ̀run, ẹ ó máa béèrè ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀!"

Ní ti òkú, ibẹ̀ gan-an la ti pínyà. Àwa, tó bá di oṣù kẹta, gbogbo ilé á lọ síbi sàréè, a á ro oko ẹ̀, a á sun aṣọ tí wọ́n fi bébà ṣe ránṣẹ́ sí àwọn òkú wa, a á jẹun níbẹ̀, a á bá ara wa jà, a á padà sílé. Àwọn Táì á sun òkú tiwọn, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ògiri tẹ́ńpìlì, wọ́n á máa da omi sílẹ̀ kí oore tí wọ́n ṣe lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bi Lamduan léèrè ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, á ní, "Ìgbà òjò ni." Ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú gan-an làwọn Fietnamu dì mú. Bí ọjọ́ yẹn bá yípo bọ̀ nínú kíka òṣùpá, wọ́n á sè, wọ́n á gbé e síwájú àwòrán òkú lórí pẹpẹ, wọ́n á pè é wá jẹun. Ẹni tó bá sọnù tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ ikú rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ tó fi ilé sílẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe ọjọ́ ikú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Thoa ti bẹ̀rẹ̀.

Thoa ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo, Khiem lorúkọ rẹ̀. Bàbá wọn ti kú. Ní 1963, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn Fietnamu tó wà lọ́dọ̀ wa padà sílùú wọn, orúkọ Khiem àti ti àbúrò bàbá wọn ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Khiem, Thoa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí ìyá àti Thoa dúró, ọkọ̀ tiwọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ni Khiem gun ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa wọ rélùwéè. Lọ́dún kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí òkun, àwọn ọkọ̀ náà ò wá mọ́. Báyìí ni ìyá àti ọmọ ṣe dúró síhìn-ín pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n ti dì. Ọdún mẹ́ta ni ìyá náà ò tú ẹrù yẹn.

Lẹ́tà ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ kan tó wà ní Faransé. Èyí tó dé gbẹ̀yìn, ọdún 1967 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí Thoa fẹ́ Heng, ìyá rẹ̀ ò tíì gbà kẹ́nikẹ́ni sọ pé Khiem kú. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ní, "Ẹ fi ọjọ́ tó kúrò nílé ṣe ọjọ́ rẹ̀, kó lè máa rí nǹkan jẹ." Ìyá ní etí òun ò ní gbọ́ ọ. Lọ́dún tó máa kú, mo wà níbẹ̀, mo fetí ara mi gbọ́ ohun tó sọ fún Thoa.

"Má tan tùràrí fún ẹ̀gbọ́n rẹ o. Ẹni tó wà láàyè, tí wọ́n bá ń bọ́ ọ bí òkú, ẹ̀mí rẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Tó o bá tan án kó o tó mọ̀ dájú, ìwọ lo pa á."

Àwòrán ìyá gun orí pẹpẹ. Àwòrán Khiem dúró sínú àpótí aṣọ Thoa. Tó bá di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, Thoa ò ní sè, kò ní tan nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò ní jẹun. Tó bá di ọ̀sán, á lọ dúró létí odò, á máa wo òdìkejì. Òkè Laos ló wà níbẹ̀, Fietnamu wà lẹ́yìn òkè. Mo máa ń rí i láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, inú sì máa ń bí mi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Ọdún 1989 ló bàjẹ́. Heng já bọ́ láti orí òrùlé, itan rẹ̀ kán. Eku jẹ àwọ̀n ẹja odidi ìdì mẹ́fà. Ojú ìyá mi, Ma, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ma jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ní, "Òkú kan wà nínú ilé yìí tébi ń pa. Tiwa kọ́, mo ń bọ́ tiwa."

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Nínú ìgbàgbọ́ tiwa, òkú tí kò lẹ́ni tó ń bọ́ ọ, alárìnkiri ni, ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì máa ń dúró sí. Èmi, Siew Gek, mo gbé ọ̀rọ̀ Ma lọ́wọ́, mo gbé e lọ síwájú ìkòkò Thoa.

"Ìyàwó, ọdún mélòó ló di báyìí?"

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó bá wà láàyè á ti kọ̀wé."

"Ogun wà."

"Ogun wo? Ó di ọdún kẹrìnlá tógun ti parí!"

"Màmá mi ní kí n má…"

"Màmá rẹ náà ń jẹun lórí pẹpẹ! Ìwọ ń bọ́ màmá, ọmọ rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu láti ìta. Ṣé nítorí agídí rẹ ni kébi ṣe máa pa ẹ̀gbọ́n rẹ lójú títì?"

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti gbé ìrẹsì kan sórí igi, ó ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó ya rí. Ẹyin lohùn, ṣebí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti kékeré? Mi ò gbọ́. Mo rò pé mo ti borí ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún yẹn, Thoa pa adìyẹ, ó se ìrẹsì alálẹ̀mọ́, ó se ọbẹ̀ ọ̀mùnú ọparun. Ó gbé àwòrán Khiem jáde, ó nù ún, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Iná kọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣá ìṣáná kí tùràrí tó gbà. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Àwọn ará ìlú rẹ̀ wá, wọ́n jẹun, wọ́n ní ó ṣe dáadáa. Itan Heng san. Àwọ̀n tuntun tà. Èmi náà ń yan kiri pé, "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ fún yín?"

Ọdún mẹ́rin kọjá. Odò rọrùn láti gbà kọjá lásìkò yẹn, àwọn oníṣòwò ará Laos ń lọ sí Fietnamu, wọ́n ń bọ̀. Thoa kọ lẹ́tà kan, ó fi rán ọ̀kan nínú wọn, ó kọ orúkọ abúlé bàbá rẹ̀ ní Ha Tinh sẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ará abúlé náà pé ìyá òun ti kú, òun wà láàyè, òun ní ọmọ mẹ́ta, ó sì béèrè ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n òun sí. Ẹ gbọ́ o, ibi tí wọ́n sin ín sí ló béèrè, nítorí pé a ti sọ ọ́ di òkú.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hoai ló kọ ọ́, ó ní ọmọ Khiem lòun. Thoa kà á lórí ìdúró níwájú ìkòkò, àwọn oníbàárà ń dúró. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó wá rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó pa iná.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Oṣù kẹsàn-án ló kú."

"Oṣù kẹsàn-án ọdún wo?"

"Ọdún yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ọdún tí mo bọ́ ọ. Ó wà láàyè lọ́jọ́ tí mo bọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló kú."

Mo jókòó sórí ìdì okùn. Hoai kọ ọ́ síbẹ̀ pé ikọ́ ti ń bá bàbá òun fà láti ọdún márùn-ún. Mo di ikọ́ yẹn mú bí ẹni tómi ń gbé lọ. "Ikọ́ ló pa á, Thoa! Ṣé o ò rí i pé ikọ́ ni?"

"Ó hú ikọ́ náà fún ọdún márùn-ún, kò kú. Mo bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó kú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ rẹ̀ jọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Thoa ò gbé ìkòkò kaná mọ́. Kò bá mi yodì o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé tíì fún mi, ó ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ìbá ti bú mi! Ìbá ti la ìkòkò mọ́ mi lórí, ara ìbá tù mí. Ilé wá dà bí ìgbà tí adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ma nìkan lọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Ó kú, ó sì ń jẹun. Kí ló tún kù?" Mo gba abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì jẹ́ kó sùn pẹ̀lú ìbínú.

Lamduan mú Thoa lọ sí tẹ́ńpìlì. Wọ́n bu oúnjẹ fún àwọn mọ́ńkì, wọ́n da omi sílẹ̀ fún Khiem. Mọ́ńkì àgbà ní kó fọkàn balẹ̀, pé olúkúlùkù ló ń gbé ẹrù ohun tó ṣe fúnra rẹ̀, ẹnìkan ò lè fi abọ́ ìrẹsì pa ẹlòmíràn. Thoa forí balẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó padà wá sílé bó ṣe lọ.

"Jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ, Thoa," ni Lamduan wí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ nǹkan lọ," ni Thoa fèsì. "Wọn ò kọ́ mi nílé wa."

Lamduan wá bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Gek, èmi ti ṣe tèmi, ó tì. Ìwọ lo kó o sí i."

"Mo mọ̀! Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Tó o bá mọ̀, kí lo tún jókòó ṣe?"

Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Láti ọjọ́ tí a sin bàbá mi, a ò tì í pa rí, àní lọ́jọ́ ọdún tuntun ilẹ̀kùn kan máa ń ṣí. Heng ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín dá?" Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ sọ́hùn-ún, kó tọ́jú Ma àtàwọn ọmọ, èmi àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí Fietnamu. Thoa ò sọ pé òun á lọ, kò sọ pé òun ò ní lọ. Ó kàn wọ bàtà.

A gba odò kọjá sí Thakhek ní Laos, a wọ bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè. Ọjọ́ méjì gbáko la fi wà lọ́nà, bọ́ọ̀sì náà bàjẹ́ nígbà mẹ́rin. Níbi tó ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, a jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi, Thoa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í.

"Èjìká rẹ̀ ló máa ń gbé mi kọ́ lọ sí odò. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, mo kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, 'Tí ọkọ̀ tiyín bá dé, èmi lo máa kọ́kọ́ rí létí òkun. Màá dúró sí iwájú gbogbo èèyàn.' Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé ó lọ dúró níbẹ̀? Nígbà tí ọkọ̀ ò wá mọ́, ṣé ẹ rò pé ó ṣì ń lọ?"

Bàbá tèmi náà, títí ó fi kú, ló ń sọ pé tí òṣùpá ọdún yìí bá kọjá, òun á padà sí Ṣáínà. Kò lọ rí. Ó kàn ń tọ́jú bàtà kan nínú páálí fún ìrìn àjò náà. Mo di ọwọ́ Thoa mú. Kò gbà á kúrò, ṣùgbọ́n kò di tèmi mú padà.

Abúlé náà wà láàárín oko ìrẹsì. Ìyàwó Khiem, Luyen, àti Hoai ọmọ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Luyen dàgbà ju Thoa lọ, ṣùgbọ́n Àǹtí ló ń pè é, ó ń fà á lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀ láti ọdún tí Thoa ti wà nílé wa, ohun tí mi ò gbọ́, Thoa túmọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Wọ́n mú wa wọlé, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó wà lórí pẹpẹ.

Àwòrán ìyá Thoa wà níbẹ̀, èyí tí Khiem mú lọ láti ilé. Àwòrán Khiem wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ikọ́ ti sọ ọ́ di arúgbó! Irun rẹ̀ ti funfun létí méjèèjì. Thoa wò ó títí. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀ nílé, ẹni yìí ò jọ ọ́. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan bà á lójú.

Nígbà tó ń dá ọwọ́ padà, mo rí i tó dúró. Ó ń wo ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀, èéfín tùràrí ti sọ ògiri di dúdú, àfi ojú kan tó mọ́ funfun, tó ní igun mẹ́rin. Wọ́n ti yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

"Ta ló wà níbí?" ni Thoa béèrè.

Luyen wo Hoai, Hoai wo ilẹ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ gbé kúrò níbí?"

Luyen kúnlẹ̀ gbì, ó bú sẹ́kún. "Àǹtí, ẹ forí jì wá. A ò mọ̀. Ẹnìkan tó ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ ló sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé iná jó gbogbo àdúgbò yín létí odò, pé ẹnikẹ́ni ò yè. Ìgbà tí lẹ́tà yín dé la yára gbé e kúrò. Ẹ forí jì wá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èpè."

Hoai wọ yàrá, ó gbé àwòrán kékeré kan jáde tí wọ́n fi aṣọ wé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni, wọ́n gé irun rẹ̀ kúkúrú, eyín iwájú kan ò sí. Thoa ni.

Òótọ́ ni pé iná jó níbẹ̀ ní 1971. Ṣùgbọ́n Thoa àti ìyá rẹ̀ ti kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Mo fẹ́ sọ ọ́, Thoa gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

"Ọdún wo lẹ gbé mi síbí?"

"Ọdún 1972," ni Luyen wí.

"Ọjọ́ wo lẹ máa ń bọ́ mi?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ tí iná náà jó, pé ọjọ́ tóun fi yín sílẹ̀ lòun á fi ṣe é."

Thoa gba àwòrán náà lọ́wọ́ Hoai. Ó ń ṣírò láàárín eyín, mo ń gbọ́ ọ. Láti 1972 títí Khiem fi kú, ọdún méjìdínlógún. Lẹ́yìn tó kú, ìyàwó àti ọmọ ò dá a dúró, ó tún di ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀méjìlélógún ni wọ́n ti tan tùràrí, tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú Thoa pé kó máa jẹ ẹ́ ní ibojì. Láàárín ìgbà náà, ó lọ́kọ, ó bí ọmọ mẹ́ta, ó gbé ìkòkò ẹgbàágbèje kaná.

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí ò fọ́ mi rí."

"Èèwọ̀! Orí ò ní fọ́ ọ!"

"Rárá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀méjìlélógún ni wọ́n bọ́ mi bí òkú. Orí ò fọ́ mi. Tó bá ń pààyàn, ṣé èmi ni mo máa dúró níwájú yín yìí?"

Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo ké bí màlúù, mi ò tijú. Mo ní, "Thoa, dárí jì mí. Mo fi agbára mú ọ." Ó ní, "Ẹ ti dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi, ikọ́ ni." Ọdún kan gbáko ni mo fi wá ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó fún un le, egungun mi dún.

Mo rò pé ó ti parí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Ó fa Luyen dìde, ó nu ojú fún un, ó ní kó má bẹ òun mọ́, pé gbèsè kankan ò sí. Ó ń rẹ́rìn-ín gan-an ni nígbà tó béèrè, bí ẹni ń fi wọ́n ṣàwàdà: "Kí lẹ máa ń sè fún mi? Ó kéré tán kí n mọ ohun tí mo ti jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n yín kì í jẹ́ ká sè é," ni Luyen wí. "Tìyá yín la máa ń sè. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń se tiyín. Ọ̀dùnkún sísè tó lọ̀, ẹyin dídín, ìrẹsì alálẹ̀mọ́ pẹ̀lú ṣúgà. Á yọ egungun wẹ́wẹ́ kúrò lára ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí n bá ní ká ta ata sí i, á bínú. Á ní, 'Ọmọ kékeré ni, ata máa ń ta á lẹ́nu.'"

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí tó fi kú, Àǹtí. Nígbà tíkọ́ ò jẹ́ kó lè dìde mọ́, orí ibùsùn ló jókòó sí, ó ń yọ egungun ẹja. Mo ní, 'Bàbá Hoai, tí ọmọ yìí bá wà láyé, ó ti tó ìyá ọlọ́mọ.' Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè rí i, pé ibi tóun fi í sí nìkan lòun ti ń rí i."

Ìgbà yẹn ni Thoa tó sunkún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ohùn ẹkún rẹ̀ rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ń pe, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi o!" bí ẹni ń pe èèyàn tó ti rìn jìnnà, tí kò tíì yí kọ́nà. Àwọn ará abúlé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé. A jẹ́ kó sun ún tán.

Nígbà tó di ọ̀sán, Luyen gbé ẹja sórí iná. Hoai gún ata, ó wá béèrè bóyá Àǹtí òun ń jẹ ẹ́. Ata! Àwa tá à ń gbé létí Mekong, tá à ń jẹ ata títí imú fi ń da omi! Mo ti la ẹnu láti dáhùn.

"Má fi sí i," ni Thoa wí. "Bá mi se é bí bàbá rẹ ṣe máa ń se é."

Wọ́n se é bẹ́ẹ̀. Hoai yọ egungun ẹja náà tán pátápátá, ó lọ̀ ọ̀dùnkún, ó bu ṣúgà sórí ìrẹsì. Thoa jókòó, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì ṣẹ́ ohunkóhun kù nínú abọ́. Ó wá gbójú sókè wo arúgbó tó wà lórí pẹpẹ náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti jẹ ẹ́ o. Mo ti yó."